Ariwo-ń-bọ̀ àti Lítà Márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe ọkùnrin yìí ní orúkọ tó fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo bù ú kù. Òun ni Ọba Ojú Títì. Òun ni Bàbá Ẹ́ńjìnnì. Òun ni A-gbéra-kílẹ̀-mì, ọ̀gá gbogbo awakọ̀. Fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní gbogbo wọn, òun nìkan náà ló sì ń fi wọ́n pe ara rẹ̀. Èyí tí àwa aládùúgbò mọ̀ ọ́n sí ni Ariwo-ń-bọ̀, nítorí etí la máa ń kọ́kọ́ fi rí i. Kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ ní ìkòríta, ọmọ ìkókó ti ta jí, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ti sá wọlé.

Ọkọ̀ dúdú ni, ó gùn, ó ga, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sì tóbi ju ohun tó ń gbé lọ. Ariwo-ń-bọ̀ kì í pa á. Bó bá dúró kí ènìyàn, ẹ́ńjìnnì á máa hó. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra bisikíìtì, ẹ́ńjìnnì á máa hó lóde, ẹ́síì á sì máa fẹ́ atẹ́gùn tútù sí àga òfìfo.

"Ọ̀gá," mo bi í lọ́jọ́ kan, "ta lẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí?"

"Kò lè yé ẹ," ó ní. "Ọkọ̀ ńlá kì í sùn lójú ọ̀sán."

Mo ní kò burú. Ẹlẹ́nu rírùn ló ni àmù ìyá rẹ̀.

Èmi wo ló ń sọ̀rọ̀ yìí? Èmi ni mo ń wọn àpò nílé ìfọṣọ Ìyá Alágbàfọ̀. Tiwa kì í ṣe ìfọṣọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn là ń fọ̀, tòun ti ilé ìtura mẹ́ta. Àpò tó bá ń jáde, mo ní láti wọ̀n ọ́n. Àpò tó bá ń wọlé, mo ní láti wọ̀n ọ́n. Kódà bó jáde dé ẹnu géètì tó sì padà, orí òṣùwọ̀n ló ń kọ́kọ́ gbà. Ìyá Alágbàfọ̀ ní aṣọ kì í parọ́ lórí òṣùwọ̀n: bó bá wúwo jù, omi ṣì wà nínú rẹ̀; bó bá fúyẹ́ jù, olè ti dé ibẹ̀.

Nígbà tí bàbá tó ń gbé àpò wa kiri darúgbó, tó ní ẹ̀yìn ń dun òun, Ìyá Alágbàfọ̀ polongo pé òun ń wá ẹlòmíràn. Ènìyàn méjì ló wá. Ariwo-ń-bọ̀ ni èkíní. Èkejì ni ìyàwó àbúrò rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Oníná là ń pè é, torí pé òun ló ń bá àwọn ènìyàn fa wáyà iná sínú ilé. Ó ti fi ọdún mẹ́fà kó owó jọ díẹ̀díẹ̀, ó sì fi ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó ń lo iná, àlòkù, funfun, tí kò ju ibùsùn méjì lọ. Ọkọ̀ yẹn ló ń gbé irinṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló ń gbé ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sílé ìwé.

Bí Ariwo-ń-bọ̀ ṣe rí i ní ọ́fíìsì, ó fi í rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, kí lo wá ṣe níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀, mà. Iṣẹ́ ni mo wá wá."

Ìpayà ló jẹ́ kí ó ṣi "mà" sọ, ojú sì tì í. Ariwo-ń-bọ̀ kò tilẹ̀ gbọ́, torí pé ohùn ara rẹ̀ nìkan ló máa ń gbọ́.

"Pẹ̀lú fìríìjì onítáyà tó o gbé síta yẹn?"

Ìyá Alágbàfọ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ò wo bó ṣe rí. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù mi jìnnà jù lórí epo tó kéré jù, òun ni mo ń fẹ́."

"Ìyá, tèmi ò lo epo rárá," Oníná ní. "Iná ni."

"Iná!" Ariwo-ń-bọ̀ na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Níbo ni iná ti ń wá? Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Ṣebí jẹnẹrétọ̀ lo máa tàn, ṣebí epo náà nìyẹn! Ìyá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Ẹ fún un ní lítà márùn-ún, kó dà á sí jẹnẹrétọ̀, kó fi gba iná sínú bátìrì. Ẹ fún èmi náà ní lítà márùn-ún, kí n dà á sínú ọkọ̀ gidi. Ká wá wo ẹni tó máa jìnnà."

Ọkàn mi bà jẹ́. Èmi náà rò pé epo tó gba ojú ọ̀nà méjì gbọ́dọ̀ dín kù ju èyí tó gba ọ̀kan lọ. Mo ń ṣẹ́jú sí Oníná pé kó má gbà. Kò wo ojú mi. Ó yọ bírò, ó ṣe ìṣirò díẹ̀ sẹ́yìn ìwé kan, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo gbà," ó ní.

Ayọ̀ gun Ariwo-ń-bọ̀ bí ọtí. Ìgbà tí ojúkòkòrò rẹ̀ wá bọ́ síta nìyẹn.

"Dúró o! Eré òfìfo kì í dùn. Bí mo bá borí, iṣẹ́ yìí di tèmi, ọkọ̀ yẹn náà di tèmi. Owó àbúrò mi lo fi rà á."

"Ẹ̀gbọ́n, owó mi ni. Ẹ̀yin náà mọ̀."

"N ò mọ nǹkan kan. Nǹkan tó bá wà nílé àbúrò mi, ti ìdílé wa ni."

Omi ti ń lé sí ojú obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó já bọ́. "Bí èmi bá borí ńkọ́?"

"Ìwọ kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Bí ìwọ bá borí, màá dúró níwájú gbogbo ayé, màá ní ìwọ lo ni ọkọ̀ rẹ, ẹnu mi ò sì ní kàn án mọ́ láéláé."

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Bàtà ọmọ méjì ni mo ń rò, tí wọ́n máa fi máa rìn lọ sílé ìwé nítorí pé bàbá ńlá kan fẹ́ ọkọ̀ tí kò nílò.

A fi ètò sí i. Kí oníkálukú gbé àpò mẹ́fà, kílò ogún ogún. Kí wọ́n máa yí àdúgbò po: láti ẹnu géètì wa, kọjá ilé ìwòsàn, sọ̀kalẹ̀ lọ sórí afárá, kí wọ́n gun òkè padà wá. Kìlómítà mẹ́sàn-án ni ìyípo kan. Ibi tí epo tàbí iná bá ti tán síni lára, ibẹ̀ la máa kọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Oníná ní ká bá òun di àpò tòun. Ariwo-ń-bọ̀ ní rárá, òun á di tòun fúnra òun. "Kò sẹ́ni tó mọ ẹrù dì bí èmi," ló wí, ó sì yí ọkọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìn yàrá tí a ti ń gbẹ aṣọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dé. Nígbà tó gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé orí òṣùwọ̀n, kílò ogún géérégé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò lé, kò dín.

"Ọ̀gá, ẹ kú ọwọ́ ire," mo ní. Èmi òmùgọ̀.

"Ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni," ó ní.

Mẹ́káníìkì fa gbogbo epo inú ọkọ̀ rẹ̀ jáde lójú wa. Oníná náà ti wa tirẹ̀ káàkiri àgbàlá títí iná bátìrì rẹ̀ fi tán pátápátá. Mo wọn lítà márùn-ún fún èkíní, mo wọn lítà márùn-ún fún èkejì, gbogbo òṣìṣẹ́ sì dúró yí mi ká. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n ki wáyà bọ ọkọ̀ kékeré náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná. Ó tó wákàtí mẹ́ta.

Ariwo-ń-bọ̀ kò lè fara da wákàtí mẹ́ta láìjẹ́ pé wọ́n ń wò ó. Ó lọ gbé ìyá rẹ̀ wá láti ilé, ìyẹn ìyá òun àti olóògbé àbúrò rẹ̀. Takisí ló fi gbé e, torí pé kò fẹ́ fi lítà márùn-ún tirẹ̀ ṣòfò. Ó gbé àga sí iwájú géètì fún un.

"Màmá, ẹ jókòó síbí. Ẹ wo bí ọmọ yín ṣe máa gba ẹ̀tọ́ ìdílé."

Màmá jókòó. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan.

Bí àwọn èrò ṣe wá ń pọ̀ sí i, Ọba Ojú Títì ṣe bí ẹni gbàgbé pé òun ń ṣọ́ epo. Ó wọlé sọ́kọ̀, ó tan án, ó ń tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ń mì, àwọn èrò ń pariwo. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó jáde wá ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ ń jẹ epo o!" mo kígbe.

"Jẹ́ kó jẹ! Ọlọ́lá kì í ka òkèlè mọ́ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu."

Jẹnẹrétọ̀ mu epo tirẹ̀ tán, ó kú. Eré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi bá Ariwo-ń-bọ̀ lọ kí n lè máa ṣọ́ ọ. Obìnrin tó ń lọ aṣọ bá Oníná lọ. Ọkọ̀ kékeré náà jáde ní géètì láìdún, ó dà bí ẹni tó ń yọ́ kúrò nínú ìpàdé. Tiwa gbéra bí ìgbà tí ilé ń wó.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ọkùnrin náà ṣe ń wakọ̀. Ó tan ẹ́síì títí eyín mi fi ń gbá ara wọn. Ibi tó bá ti rí ènìyàn mẹ́ta, á dúró, á tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́, á gbéra pẹ̀lú agbára, yóò sì tún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ní ìkòríta tó tẹ̀lé e. A yípo kan. A yípo méjì. Nígbà tí a máa dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ epo ti sùn sílẹ̀ pátápátá.

Ariwo-ń-bọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà. "Akọ̀wé, òùngbẹ ń gbẹ mí. Jọ̀ọ́, bá mi ra omi lódìkejì yẹn."

Mo lọ. Ìgbà tí mo máa dé, ó ti ń pa bọ́ọ̀tù dé, ó ń fi áńkáṣíìfù funfun nu ọwọ́. "Àpò ló ń yẹ̀, mo tún un tò," ó ní. Mo wọlé. Òórùn epo gba imú mi. Mo wo iwájú: abẹ́rẹ́ tó sùn ti dìde jókòó.

"Ọ̀gá, epo yìí gòkè."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Báwo ló ṣe gòkè?"

Ó wo ojú mi gan-an, kò ṣẹ́jú. "Ẹ̀yin tẹ́ ò wa ọkọ̀ ńlá rí, ẹ ò lè mọ̀. Ẹ́ńjìnnì gidi, bó bá ti ń sáré lọ sísàlẹ̀ òkè, ó máa ń rí epo rẹ̀ gbà padà."

Yéè! Mo ti gbọ́ irọ́ láyé mi, mi ò tíì gbọ́ èyí tí wọ́n fi ẹ́síì fẹ́ sí. Ṣùgbọ́n kí ni mo máa sọ? Mi ò rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo gbé omi fún un, ó ní òùngbẹ ò gbẹ òun mọ́.

Ibẹ̀ ni ọkọ̀ funfun náà ti rọra kọjá lára wa, obìnrin tó ń lọ aṣọ sì juwọ́ sí mi. Ariwo-ń-bọ̀ fò sókè lórí àga.

"Ibo ló gbà? Kò dún!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá. Kò dún."

"Ọkọ̀ tí kò bá dún, ojú ló ń tì í."

Ní ìyípo karùn-ún, bí a ṣe gun òkè tó kángun sí ilé ìfọṣọ, tí géètì ti wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí àwọn èrò ti ń wò wá, ọkọ̀ A-gbéra-kílẹ̀-mì húkọ́. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dákẹ́. Ariwo-ń-bọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn. Ó bẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà láti yàrá ìfọṣọ ló wá ti ọkọ̀ náà dé iwájú géètì, ọ̀gá sì jókòó sínú rẹ̀ tó ń yí sítíà bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Alágbàfọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ náà. Ó mú aṣọ ìrọ̀rí kan tó ṣì tutù láti inú apẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru rú túú. Kò pẹ́ rárá, ó ṣí aṣọ náà sókè: gbígbẹ, ó sì gbóná.

"Ọ̀gá," ó ní, "ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ra ooru láti fi gbẹ aṣọ. Mo mọ̀ ọ́n bó bá ń ṣòfò. Epo yín ò gbé ẹrù. Áyọ́ọ̀nù lẹ fi ń ṣe, ojú títì lẹ sì ń lọ̀."

"Ẹ má tíì dájọ́!" Ariwo-ń-bọ̀ nu òógùn. "Tirẹ̀ náà máa tó kú!"

A dúró. Oníná kọjá níwájú wa, ó parí ìkarùn-ún. A dúró. Ó tún kọjá, ó parí ìkẹfà, lẹ́yìn náà ló tó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níwọ̀nba ìgbésẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn géètì, ó sì dúró. Ìyá Alágbàfọ̀ lọ gbé ọwọ́ lé iwájú ọkọ̀ náà. Kò yọ ọwọ́ kúrò.

"Ọyẹ́ ni," ó ní.

"Òkè ló pa mí!" Ariwo-ń-bọ̀ kígbe. "Òkè yẹn le jù!"

"Ẹ̀gbọ́n, òkè kan náà lèmi náà gùn," Oníná dá a lóhùn jẹ́jẹ́. "Nínú epo yín, bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, ìdá mẹ́ta ló ń di ooru lọ. Jẹnẹrétọ̀ náà ń fi ooru ṣòfò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kì í dúró kí ènìyàn ní ìkòríta. Iná tó bá sì ti dọ́wọ́ tèmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń yí táyà. Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè pàápàá, táyà ń dá díẹ̀ padà sínú bátìrì."

Ẹ̀rín pa mí, mi ò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá! Ẹ ò rí i? Ohun tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ yín ń ṣe, ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń ṣe é!"

Ìbínú gbé ọkùnrin náà. "Ẹ dákẹ́! Kí ni lítà márùn-ún máa ṣe fún ọkọ̀ ńlá? Kódà lítà mẹ́wàá tí mo..."

Ó pa ẹnu dé. Ó ti pẹ́ jù, gbogbo etí ti gbà á.

Ìyá Alágbàfọ̀ yíjú sí mi. "Ìwọ, iṣẹ́ rẹ dà?"

Iṣẹ́ mi kẹ̀? Àpò tó bá wọlé, mo máa ń wọ̀n ọ́n. Ariwo-ń-bọ̀ kò mọ̀. Ó rò pé wíwọ̀n ìjáde nìkan la ní. Bó ṣe rí i pé mo ń fa àpò kìíní jáde ní bọ́ọ̀tù, ó bọ́ sílẹ̀. "Kí lẹ tún ń wọ̀n? Ṣebí ẹ ti wọ̀n wọ́n!"

"Àṣà ilé wa ni, Ọ̀gá."

Àpò kìíní, kílò ogún. Èkejì, ogún. Ẹ̀kẹta, ogún. Mo gbé ẹ̀kẹrin lé e. Kílò mẹ́rìndínlógún àti díẹ̀.

Mo tú okùn. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan yọ jáde láàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń yí gbirigbiri lọ síwájú àwọn èrò. Lítà márùn-ún ló ń gbà, géérégé.

"Kí nìyí?" Ìyá Alágbàfọ̀ bi í.

"Omi... omi mímu mi ló wà níbẹ̀."

"Omi, àbí? Ẹ bá mi mú ìṣáná wá."

"Háà! Rárá o!" Ọ̀gá fò sẹ́yìn. "Ẹ fẹ́ dáná sun wá ni?"

Ẹ̀rín bú jáde. Obìnrin tó ń lọ aṣọ jókòó sílẹ̀, kò lè dìde. Àwọn kan tilẹ̀ ń ṣírò rẹ̀ lórí ìka: lítà mẹ́wàá nínú ọkọ̀ ńlá, ìyípo márùn-ún kò pé; lítà márùn-ún tó gba inú jẹnẹrétọ̀, ìyípo mẹ́fà. Ó jalè, síbẹ̀ kò yó. Irú olè wo ni kì í jèrè ohun tó jí?

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyá Alágbàfọ̀ ní iṣẹ́ di ti Oníná, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó wá dojú kọ ọkùnrin náà. "Ó ku ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ṣèlérí."

Ariwo-ń-bọ̀ wolẹ̀. Ó sọ nǹkan kan.

"A ò gbọ́!" làwọn èrò kígbe.

"Mo ní... òun ló ni ọkọ̀."

"Ta ni? A ò gbọ́!"

"Ìyàwó àbúrò mi! Òun ló ni ín! Ẹnu mi ò ní kàn án mọ́!"

Oníná fi ìborí bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín. Mo lọ dì í mú. Ó ní, "Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí." Mo ní ó ti tán.

Wọ́n na wáyà láti inú ilé ìfọṣọ, wọ́n ki í bọ ọkọ̀ kékeré náà kó lè gba iná. Ariwo-ń-bọ̀ mú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ nílẹ̀, ó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ ra epo. Ó rántí ìyá rẹ̀.

Màmá ti dìde lórí àga. Ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń rìn lọ síbi ọkọ̀ funfun náà, ó ṣílẹ̀kùn iwájú, ó wọlé, ó jókòó.

"Màmá, ọkọ̀ yẹn ò lè lọ síbì kankan nísinsìnyí! Ẹ dúró dè mí, mò ń bọ̀ wá gbé yín."

"Mi ò kánjú," Màmá ní. "Àbúrò rẹ sọ fún mi kó tó kú, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń kó owó náà jọ, tó ń gun àkàbà kiri ilé onílé pẹ̀lú oyún nínú. Mo ń dúró kí ìwọ fúnra rẹ sọ òótọ́. O ti sọ ọ́ lónìí. Máa lọ."

"Ta ni yóò wá gbé yín délé?"

Màmá fa bẹ́líìtì àga kọjá àyà rẹ̀, ó wá ihò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

"Ẹni tó ni ọkọ̀."